Kẹ́ Ẹ Là, Kẹ́ Ẹ Tọ̀

Ẹ̀yin ará ilé mi ní Ìkìrun, láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń dá mi dúró lójú ọ̀nà. Àwọn kan gbọ́ pé iná ló ń jó Démọ́lá nínú. Àwọn kan ní odidi irin ló gbé mì. Ẹnìkan tilẹ̀ bá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní òun ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ikú ọmọ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ní kó lọ jẹun. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, èmi Tísà yín tí mo lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nídìí ṣọ́ọ̀kì àti pátákó. Ẹni tó bá tún bi mí léèrè, ìwé yìí ni n ó nà sí i. Kí ẹ tó máa kà á lọ, ẹ fọkàn balẹ̀: ọmọ náà wà láàyè, ó ń jẹun, ó sì ti ń sanra.

Ohun tó gbé mi rìn

Démọ́lá ni àbíkẹ́yìn mi. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti ń ra irin àlòkù ní Pobẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tó ń kó o lọ sí etíkun ní Kútọnu fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan gbé irin róbótó kan wá tà fún un. Irin náà kéré, ṣùgbọ́n ó wúwo. Ẹni tó gbé e wá ò mọ ibi tó ti wá, Démọ́lá náà ò sì wádìí. Ó fi ayùn rẹ́ ẹ. Ìyẹ̀fun díẹ̀ ló bá nínú rẹ̀, ó fi ẹnu fẹ́ ẹ dànù, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ẹrù rẹ̀ dé etíkun, ẹ̀rọ kan tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé irin olóró ni ìyẹ̀fun yẹn, irú èyí tó ń tan ìtànṣán tí ojú kì í rí, tó sì ń ba ara jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n yẹ Démọ́lá wò. Ó ti fà á símú, ó ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti ẹni tó fẹ́ kí n bá òun ra búrẹ́dì. Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Wọ́n ní irin wà nínú ẹ̀dọ̀fóró mi, wọ́n fẹ́ fi oògùn fà á jáde." Mi ò mọ bí mo ṣe dé ibùdókọ̀.

Ẹnu ibodè

Mo ti rò ó pé n ò ní í ṣe àlejò níbẹ̀. Ṣebí Yorùbá ni wọ́n ń sọ, ṣebí Yorùbá náà ni mo fi jẹun láyé mi. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibodè kí mi dáadáa, ó béèrè àlàáfíà ilé, ó béèrè ti ọ̀nà, lẹ́yìn náà ló ní, "Màmá, píẹ̀sì yín dà?"

Mo ní mi ò kó aṣọ títà wá, kó wo inú báàgì mi. Ó ní ta ló bi mí ní aṣọ? Mo ní òun náà ni, ṣebí òun ló béèrè píìsì aṣọ. A wo ara wa. Nígbà tó rí i pé n ò ṣe yẹ̀yẹ́, ó yọ ìwé tirẹ̀ tí wọ́n lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ kúrò nínú àpò, ó fi hàn mí. Ìwé ìdánimọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ Faransé ni. Ó mi orí, àánú mi ń ṣe é. Ó ní, "Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ẹ ti sọ Yorùbá yín nù pátápátá."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ yẹn lè fà. Mo ti la ẹnu tán. Mo wá rántí ọmọ tó ń dúró dè mí, mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì, mo sì kọjá.

Pobẹ̀

Ọ̀pẹ ló kọ́kọ́ kí mi ní Pobẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí ọ̀pẹ wà níbẹ̀, wọ́n sì gbìn wọ́n ní ìlà gbọọrọ bí ọmọ iléèwé tó tò sórí pápá láàárọ̀. Inú mi dùn sí ìlà náà. Ọkọ̀ ńláńlá tó ń kó símẹ́ǹtì bọ̀ láti Onigbolo ń kọjá, ọlọ́kadà tó gbé mi sì ń yà fún wọn wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ń bi mí ní gbogbo ìgbà bóyá ara tù mí. Ọlọ́kadà ilé wa kì í bi ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Ilé Ìyá Ìdòwú, obìnrin Ànàgó tó ni yàrá tí Démọ́lá ń gbé, ni mo dé. Àgbẹ̀ ni, oko rẹ̀ wà lọ́nà Ahoyéyé. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń béèrè: ọmọ mi ńkọ́, ṣé ó ń mí, ṣé ó ń jẹun? Kò dá mi lóhùn. Ó bu omi, ó kọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀ lójú mi, ó gbé e fún mi. Mo tún béèrè. Ó ní, "Ẹ mu ún tán." Inú bí mi gan-an. Mo mu omi náà tán, mo gbé abọ́ padà fún un. Ìgbà yẹn ló tó jókòó, ó ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ọmọ yín wà ní ọsibítù ní Sakété. Ó jẹun láàárọ̀ yìí, ó ní kí n kí yín." Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn: wọn kì í sọ nǹkan kan fún àlejò tí ọ̀fun rẹ̀ ṣì gbẹ. Nígbà tí mo rò ó dáadáa, ó bọ́gbọ́n mu.

Ó gbé àkàsà kalẹ̀, èyí tí àwa ń pè ní ẹ̀kọ, ó tutù nínú ewé rẹ̀, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata tútù tí wọ́n gún pẹ̀lú àlùbọ́sà. Mo rò pé n ò ní lè jẹun. Mo jẹ mẹ́ta. Ibi tí mo ti ń jẹun ni mo ti rí okùn tí ìjọba fi yí àgbàlá irin Démọ́lá ká, mo sì rí i pé àwọn ará ilé ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá kí wọ́n má baà kan yàrá rẹ̀. Ìyá Ìdòwú rí ojú mi. Ó ní, "Wọ́n bi mí pé ṣé ẹ̀rù ò bà mí láti fọ aṣọ rẹ̀. Mo ní ẹni tó bá mi gbé ọdún mẹ́fà, tó ń bá mi pọn omi, kí ni n ó wá bẹ̀rù lára rẹ̀?" Mo fẹ́ràn obìnrin náà láti ìgbà yẹn.

Sakété

Mo bá Démọ́lá lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi fóònù wo bọ́ọ̀lù. Ojú rẹ̀ ń dán. Kò rù, kò húkọ́, kò gbóná. Èyí gan-an ló bà mí lẹ́rù, nítorí àìsàn tí mo mọ̀ máa ń jẹ́ kí ènìyàn rí òun.

Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ti lọ sí Kútọnu. Nọ́ọ̀sì ni mo bá, ọmọbìnrin Gùn kan láti Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Felisité. Ó ń sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń wá a kiri kó tó rí i. Ó fi nǹkan bo imú àti ẹnu ọmọ mi, ikùukùu funfun ń jáde níbẹ̀, ó ń fà á símú. Ó tún ń fún un lábẹ́rẹ́ sínú iṣan. Mo bi í pé kí lorúkọ oògùn náà.

Ó ní, "Kélatọ̀."

Ohun tí etí mi gbọ́ ni "Kẹ́ ẹ là, tọ̀." Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, pé orúkọ tí àwọn Faransé ń pe irú oògùn bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Àdúrà ni mo rò pé ó ń gbà fún wa ní Yorùbá tó fọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ọmọ mi, ó ku díẹ̀ káàtó. Ohun tí wọ́n ń wí ni: kẹ́ ẹ là, kẹ́ ẹ tọ̀." Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní, "Wíì, Màmá, kélatọ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n? Tọ̀, tọ̀ dáadáa." Ó sì nawọ́ sí kẹ́ẹ̀gì funfun ńlá kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà, kí lẹ rò pé n ó sọ?

Gbogbo rẹ̀ yé mi lójú ara mi. Oògùn ń lé oró náà sínú ìtọ̀, bó bá ti tọ̀ ọ́, ó là nìyẹn. Kí wá ni ìtọ̀ olóró ń ṣe lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi, níbi tí yóò ti máa fẹ́ sí i nímú padà? Láàárọ̀ kùtùkùtù, kí Felisité tó dé, mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà, mo da gbogbo ohun tó tọ̀ láti àná sínú ṣáláńgá, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́ta, mo sì ní kí Démọ́lá tọ̀ díẹ̀ sínú rẹ̀, kí wọ́n lè rí èyí tó mọ́. Ó ní, "Mà, wọ́n ní gbogbo rẹ̀ ni kí..." Mo ní, "Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé gun igi kò rí i." Ó gba kẹ́ẹ̀gì náà lọ́wọ́ mi. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣe bẹ́ẹ̀, Felisité ń fi èyí tó kù ránṣẹ́ sí àwọn tó ń wọ̀n ọ́n ní Kútọnu.

Ọwọ́ inú abọ́

Mo ti ń mọ ojú ọ̀nà ní Sakété. Wọ́n ń pè mí ní Màmá Rédíò, nítorí wọ́n ní bí ẹni tó ń ka ìròyìn ni mo ṣe ń sọ Yorùbá. Àwọn ọlọ́kadà á ní kí n sọ nǹkan kan, mo bá sọ ọ́, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á sì gbé mi dé ẹnu ọ̀nà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Felisité ṣí oúnjẹ rẹ̀, àmìwó, ìyẹn ọkà àgbàdo tí wọ́n fi omi tòmátì àti ọ̀rá adìẹ rò títí ó fi pọ́n. Ó ní kí n wá jẹun. Mo ní, "Á gba ibi ire," gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí. Ó fi ìdérí bo abọ́ náà, omi sì ń bọ̀ lójú rẹ̀. Ó ní àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ò bá òun jẹun mọ́ láti ìgbà tí òun ti ń tọ́jú ọmọ mi, òun ò mọ̀ pé èmi náà á kọ̀ ọ́. Mo ṣàlàyé, àlàyé náà ò wọlé. Mo bá fọ ọwọ́, mo ti ọwọ́ bọ abọ́ rẹ̀, a jẹ ẹ́ tán. Àmìwó dùn, mi ò purọ́.

Dókítà

Dókítà dé. Ọmọ Ọ̀họ̀rí ni, ó ti pẹ́ ní Kútọnu, síbẹ̀ bó bá ń ronú, Yorùbá àwọn ènìyàn rẹ̀ ló máa ń sọ. Ó jókòó tì wá, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, ẹ mọ akàn?"

Mo ní ta ni ò mọ akàn.

"Oògùn yìí ní ẹ̀mú bíi ti akàn. Àwọn ẹ̀yà tíntìntín wà nínú ẹ̀dọ̀fóró tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa gbé ìdọ̀tí mì. Wọ́n gbé irin náà mì, kò dà nínú wọn. Wọ́n ń tu ú díẹ̀díẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e lọ sí egungun. Ojú ọ̀nà yẹn ni kélatọ̀ ti ń gbá a mú, tí kò ní í tú u sílẹ̀ títí tí wọn á fi tọ̀ ọ́ jáde. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gba gbogbo ìtọ̀, tọ̀sán-tòru. Inú rẹ̀ la ti ń mọ iye tó ń jáde." Ó wo ìwé náà. "Kò sí nǹkan tó ń jáde, Màmá. Ó jọ pé irin náà ti wọ egungun kí á tó bẹ̀rẹ̀. Oògùn yìí sì ń kó àwọn irin rere tí ara nílò jáde pẹ̀lú. A ò lè máa fún un lásán. A ó dá a dúró lọ́la."

Démọ́lá wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló dúró sí mi létí, gbogbo ìtọ̀, mo sì rí ara mi lójú ṣáláńgá pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: fún ìgbà díẹ̀, mo ronú pé kí n má sọ ọ́. Ojú ń tì mí tó bẹ́ẹ̀. Mo wá wo ọrùn ọmọ mi tó tẹ̀ síwájú.

Mo ní, "Dókítà, èmi ni mo da ìtọ̀ náà nù."

Ó ní ìgbà wo. Mo ní láti ọjọ́ kejì tí mo ti dé. Ó yọ awò ojú rẹ̀. Felisité ní, "Màmá, ṣebí ẹ ní ẹ mọ kélatọ̀?" Mo bá sọ ohun tí mo gbọ́ fún wọn. Felisité tún un pè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Dókítà náà ò lè pa ẹ̀rín mọ́ra. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí dókítà rẹ́rìn-ín tán, ó ní a ó tún un ṣe, kò sẹ́ni tó máa dá oògùn kankan dúró. Ó dìde, ó ní, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Màmá, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín máa bá yín sọ̀rọ̀."

Abẹ́ máńgòrò

Mo mú Démọ́lá jáde sábẹ́ máńgòrò tó wà lẹ́yìn ọsibítù. Mo bi í pé ṣé ó mọ̀ pé mò ń ṣì í. Ó ní, "Mo mọ̀, Mà."

"Wọ́n fẹ́ dá oògùn rẹ dúró. O jókòó síbẹ̀, o ò sọ̀rọ̀."

"Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pa òwe mọ́ mi lẹ́nu." Kò bínú, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Mà, láti kékeré wa, ta ló sọ fún Tísà rí pé ó ṣì í? Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ nígbà kan. Mo rántí ohun tójú rẹ̀ rí."

Gbogbo ọmọ tí mo ti kọ́ ló wá sí mi lọ́kàn, bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí mo bá ti wọlé, bí inú mi sì ṣe máa ń dùn sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà. Ọmọ mi fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi kú dípò kó já mi ní koro. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ohunkóhun tí mo ti gbọ́ láyé mi lọ. Mo bẹ̀ ẹ́, pé kó má bínú. Ó di ọwọ́ mi mú, a padà wọlé.

Kẹ́ẹ̀gì kíkún

Wọ́n kó ẹ̀rọ wá yẹ ṣáláńgá náà wò, wọ́n ní kò sí ewu níbẹ̀, wọ́n sì tì í pa. Láti ọjọ́ náà, Démọ́lá fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Bí mo bá kàn wò ó, á ní, "Mà, ẹ fi í sílẹ̀." Mo ń fi í sílẹ̀.

Ìdúró de èsì láti Kútọnu le. Mi ò lè jẹun, mi ò lè ka Bíbélì já ojú ìwé kan. Felisité á wá jókòó tì mí. Nígbà tí dókítà padà dé, láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Irin kún inú ìtọ̀ náà fọ́fọ́, Màmá. Oògùn ń ṣiṣẹ́. Ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣáláńgá wa ni ẹ ń fún jẹ." Mo dìde dúró, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, iye tó ń jáde ń dín kù lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nítorí èyí tó wà nínú ń tán. Wọ́n ń jẹ́ kí abẹ́rẹ́ náà jìnnà síra. Oṣù ń yí lu oṣù, a sì ń gbé ní ilé Ìyá Ìdòwú, a ń lọ, a ń bọ̀. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú yàrá kọjá. Níkẹyìn wọ́n gbé Démọ́lá sínú ẹ̀rọ tó ń wo ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà ò parọ́ fún wa. Ó ní kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jáde, díẹ̀ ṣì kù tí ẹ̀mú akàn ò bá, ṣùgbọ́n èyí tó kù kéré, ó sì yẹ kó dàgbà, kó darúgbó, kó sì máa wá yẹ ara rẹ̀ wò lóòrèkóòrè. Ó ní, "Màmá, ẹ máa mú un lọ sílé kó lọ sinmi."

Ìyá Ìdòwú di gàrí àti epo fún wa. Nígbà tí mo fẹ́ dágbére, ó kọ́kọ́ bu omi fún mi.

Ìkìrun

Kí n tó fi ìwé yìí síta, mo gbé e fún Démọ́lá kó kà á, mo sì fi bírò pupa tì í. Ó kà á lórí àga lábẹ́ fèrèsé, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó gbé e padà fún mi. Ìlà pupa kan ṣoṣo ló fà, lábẹ́ ibi tí mo ti ní mo dìde dúró, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà.

Ó ní, "Ibí yìí ò rí bẹ́ẹ̀, Mà. Ẹ sunkún."

Mo ní mi ò sunkún.

Ó ní, "Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ gbá kẹ́ẹ̀gì mọ́ra, ẹ sì sunkún. Mo wà níbẹ̀."

Mo gba bírò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé mi, òun ló jàre, èmi ni mo ṣì í. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì sunkún.